Ìdajì, Ìlàjì àti Ààbọ̀: Ìtàn Ẹ̀kọ́ Ìdá fún Àwọn Ọmọdé ní Ilẹ̀ Yorùbá

Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ ìṣirò tí a ń kọ́ ọmọdé ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bóyá ni a lè rí èyí tí àwọn olùkọ́ ń ráhùn lé lórí tó ẹ̀kọ́ ìdá. Ọmọ tí ó mọ ìròpọ̀ àti ìyọkúrò dáadáa, tí ó sì lè ka ìsọdipúpọ̀ láti orí méjì títí dé orí méjìlá láìwo ìwé, bí a bá kọ ½ àti ⅓ sí ojú pátákó fún un, tí a ní kí ó rò wọ́n pọ̀, yóò ro nọ́ḿbà òkè mọ́ ti òkè, yóò ro ti ìsàlẹ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀, yóò sì fi ìdùnnú dáhùn pé 2/5 ni. Bí a bá tún bi í léèrè pé èwo ni ó tóbi jù nínú ½ àti ¼, yóò ní ¼ ni, nítorí pé mẹ́rin ju méjì lọ. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ilẹ̀ kan ṣoṣo; ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe é, ọmọ Amẹ́ríkà náà sì ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn tirẹ̀, nítorí pé ọmọ tí ó ṣi ½ àti ¼ mú ní ojú pátákó yìí kan náà kì í ṣi ìdajì iṣu mú fún ìdámẹ́rin nígbà tí ebi bá ń pa á.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó ń bá pàdé nínú ilé kí ó tó mọ ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ rárá. Èkíní ni ìdajì, tí ó ti inú “dá” àti “èjì” jáde. Èkejì ni ìlàjì, tí ó ti inú “là” àti “èjì” jáde. Ẹ̀kẹta ni ààbọ̀. Àwọn tí kò fara balẹ̀ a máa sọ pé ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bẹ́ẹ̀ sì ni etí ọmọ ọdún márùn-ún pàápàá mọ ìyàtọ̀ wọn. Ohun tí a fi ọwọ́ tàbí ọ̀bẹ là sí méjì ni ó ní ìlàjì, bí obì tàbí ọsàn. Ìdajì gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ó kan ohun tí ọ̀bẹ kò lè là: ìdajì oṣù, ìdajì ọ̀nà, ìdajì gbèsè. Ààbọ̀ ní tirẹ̀ fẹ́ràn láti tẹ̀ lé odidi: kóńgò méjì àbọ̀, ọdún mẹ́ta àbọ̀, aago kan àbọ̀. Kò sí ẹni tí í lọ sí ọjà lọ ra gàrí kóńgò méjì ìlàjì. (Ó yẹ kí a fi kún un pé ìdajì yìí yàtọ̀ sí ìdájí, àfẹ̀mọ́júmọ́, tí ó jẹ́ pé àmì ohùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn ìwé àtijọ́ tí kì í fi àmì sí orí ọ̀rọ̀ kọ méjèèjì bákan náà, òǹkàwé ni yóò sì fi òye mọ èyí tí wọ́n ń wí.)

Ìmọ̀ ààbọ̀ yìí tilẹ̀ jinlẹ̀ nínú oǹkà Yorùbá fúnra rẹ̀ ju bí àwọn olùkọ́ ìṣirò ti máa ń rò lọ. Òpó mẹ́ta ni oǹkà náà dúró lé: ogún, igba àti ẹgbàá, èyíinì ni 20, 200 àti 2,000. Ní àárín òpó kan àti èkejì, Yorùbá kì í sọ pé odidi báyìí àti ààbọ̀. Ojú rẹ̀ a máa wo odidi tí ń bọ̀ níwájú, a sì máa dín ààbọ̀ kù nínú rẹ̀. Àádọ́ta, 50, ni ogún mẹ́ta tí ẹ̀wá dín nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, 500, ni igba mẹ́ta tí ọgọ́rùn-ún dín nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta, 5,000, ni ẹgbàá mẹ́ta tí ẹgbẹ̀rún dín nínú rẹ̀. Bí a bá wò wọ́n dáadáa, méjì àbọ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ogún méjì àbọ̀, igba méjì àbọ̀, ẹgbàá méjì àbọ̀. Àwọn ará Denmark ní Yúróòpù ní irú ọgbọ́n kan náà, nítorí pé halvtreds tí wọ́n ń pe 50 ní èdè wọn túmọ̀ sí ogún lọ́nà mẹ́ta, tí ìdajì dín nínú ẹ̀kẹta. Ọmọ Yorùbá tí ó bá ti lè kà dé àádọ́rùn-ún ti ń gba ìdajì ogún kọjá nígbà gbogbo, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ là á yé e.

Níbo ni irú oǹkà bẹ́ẹ̀ ti wá? Adolphus Mann, òjíṣẹ́ C.M.S. tí ó gbé Ìjàyè, kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1887, ó sì fi í ti owó ẹyọ. Ó ṣàlàyé bí àwọn tí ń ka owó ṣe ń da ọ̀kẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n ń fa ẹyọ márùn-ún márùn-ún sọ́dọ̀ títí yóò fi di ogún, tí wọ́n ń kó ogún márùn-ún jọ di ọgọ́rùn-ún, tí ọgọ́rùn-ún méjì sì ń di igba. Ogójì ẹyọ ni a ń sín sí orí okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, èyíinì ni 20,000. Ẹni tí ó bá ń ná irú owó bẹ́ẹ̀ yóò mọ ìdajì okùn sí ogún, yóò mọ ìdámẹ́rin rẹ̀ sí mẹ́wàá, ìdámẹ́jọ rẹ̀ sí márùn-ún. Ìdámẹ́ta nìkan ni kò jáde ní odidi: mẹ́tàlá-mẹ́tàlá lọ́nà mẹ́ta, ẹyọ kan a sì ṣẹ́kù. Ìdámẹ́ta ṣì ń bọ̀ wá gbé wàhálà rẹ̀ kalẹ̀ ní ìgbà owó mìíràn.

Kì í ṣe owó nìkan ni ó ń kọ́ ọmọ ní ìdá. Gbànja ní awẹ́ méjì. Obì àbàtà, èyí tí a fẹ́ràn jù, ní awẹ́ mẹ́rin, ó sì máa ń ní jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà mìíràn. Ọsàn ní awẹ́ tirẹ̀ pẹ̀lú. Ní Jámánì, Friedrich Froebel, ẹni tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀, gbẹ́ igi onígun mẹ́rin kan tí ó ṣeé tú sí kékeré mẹ́jọ, kí àwọn ọmọdé lè fi ọwọ́ ara wọn tú odidi sí ìdajì, sí ìdámẹ́rin, sí ìdámẹ́jọ, kí wọ́n sì tún un tò padà. Ohun tí Froebel ní láti fi igi gbẹ́, orí igi obì ni ó ti ń so fún Yorùbá.

Síbẹ̀ a kò gbọdọ̀ pọ́n ẹ̀kọ́ ilé jù. Awẹ́ obì kì í sábà dọ́gba. Nínú agbo ilé, bí a bá gbé ẹran wá, ẹni tí ó dàgbà jù ni í kọ́kọ́ mú, kò sì sí ẹni tí ó retí pé kí ìpín àgbà àti ìpín ọmọdé rí bákan náà. A lè bu iṣu sí méjì kí a sì sọ láìtijú pé ìdajì kan tóbi ju ìdajì kejì lọ. Nínú ìṣirò irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè dúró. Bí ọ̀kan bá ti ju èkejì lọ, kò sí ìdajì níbẹ̀ mọ́. Níhìn-ín gan-an ni ẹ̀kọ́ ilé àti ẹ̀kọ́ ilé-ìwé ti pínyà. Ohun méjì péré, nígbà náà, ni ilé-ìwé ní láti fi kún ohun tí ọmọ mú ti ilé wá: pé ìpín gbọ́dọ̀ jẹ́ ọgbọọgba, àti àmì tí a fi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyókù ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ìtàn tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ ìtàn bí ilé-ìwé ṣe gbìyànjú, fún ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti kọ́ ọ ní gbogbo rẹ̀ bí ẹni pé kò mú nǹkan kan wá.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọgbọọgba ṣàjèjì sí Yorùbá pátápátá. Nínú ọ̀ràn ogún, níbi tí ẹjọ́ lè dé ilé ọba, àwọn àgbà ń pín in ní ọgbọọgba, wọ́n sì ń jiyàn lórí ohun tí a ó fi pín in. Bí ọkùnrin kan bá kú tí ó ní ìyàwó méjì, tí ìyálé bí ọmọ kan ṣoṣo, tí ìyàwó bí mẹ́ta, bí a bá pín in ní ìdí-igi, ojúlé ìyá kọ̀ọ̀kan ni yóò gba ìdajì. Ọmọ ìyálé gba ½, àwọn ọmọ ìyàwó sì pín ½ tiwọn sí mẹ́ta, ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 1/6. Bí a bá pín in ní orí-òjorí, ¼ ni ó kan olúkúlùkù. Ọmọ ìyálé yóò pàdánù ìdajì ohun tí ìdí-igi ì bá fún un, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò sì fi 1/12 jèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ti Èkó dé ọ̀dọ̀ Privy Council ní London. Ní 1962 àwọn adájọ́ ibẹ̀ gbà pé ìdí-igi ṣì jẹ́ àṣà Yorùbá tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àwọn arúgbó tí kò mọ ìwé kà ti ń ṣe ìṣirò yìí fún ìrandíran láìfi ẹfun kan ojú pátákó.

Àwọn òjíṣẹ́ Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé Àgbádárìgì ní 1842, àwọn C.M.S. wọ Abẹ́òkúta ní 1846. Ilé-ẹ̀kọ́ sì ń tẹ̀ lé ṣọ́ọ̀ṣì níbikíbi tí wọ́n bá tẹ̀dó sí. Ní 1859 C.M.S. Grammar School bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò ni òpómúléró ẹ̀kọ́ wọn, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ní ti ìwé kíkà, àwọn òjíṣẹ́ náà ṣe akitiyan ńlá lórí Yorùbá, nítorí pé wọ́n fẹ́ kí àwọn ènìyàn lè ka Ìwé Mímọ́. Ní ti ìṣirò, kò sí ìdí tí ó jọ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ìṣirò bá ọkọ̀ ojú omi wá gẹ́gẹ́ bí ó ti wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú owó ibẹ̀ àti òṣùwọ̀n ibẹ̀.

Ohun tí èyí mú bá àwọn ọmọ ṣe kedere jù lọ nínú ọ̀rọ̀ owó. Ìwé ìṣirò Gẹ̀ẹ́sì kún fún owó kékeré kan tí ń jẹ́ farthing, tí mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ kọ́bọ̀ kan (kọ́bọ̀ ti ayé àtijọ́ ni èyí, tí 12 rẹ̀ jẹ́ ṣílè kan). Owó tí West African Currency Board, tí a dá sílẹ̀ ní 1912, ń ná fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò ní farthing nínú rárá. Ohun tí ó ní ni ọ̀níní, owó oníhò tí mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ kọ́bọ̀ kan. Ọmọ Èkó tàbí ọmọ Ìbàdàn yóò jókòó ní kíláàsì, yóò máa ṣe ìṣirò ìdámẹ́rin kọ́bọ̀ tí kò rí rí, ìdámẹ́wàá kọ́bọ̀ yóò sì wà nínú àpò rẹ̀ tí ìwé rẹ̀ kò mẹ́nu kàn. Àǹfààní ńlá ni wọ́n gbé sọnù níbẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé ọ̀níní márùn-ún ni ẹ́pìnnì, tí ẹ́pìnnì méjì sì jẹ́ kọ́bọ̀, ti mọ̀ pé 5/10 àti ½ jẹ́ ọ̀kan náà, èyí tí ìwé máa ń fi ojú ewé púpọ̀ ṣàlàyé.

Bí ó ti wù kí ó rí, owó náà ṣe iṣẹ́ olùkọ́ fúnra rẹ̀ láìbéèrè owó oṣù. Kọ́bọ̀ mẹ́ta ni tọ́rọ́, kọ́bọ̀ mẹ́fà ni sísì, kọ́bọ̀ méjìlá ni ṣílè. Ọmọ tí a ń rán lọ ra iyọ̀ mọ̀ pé tọ́rọ́ méjì ni sísì, sísì méjì ni ṣílè. Ó mọ̀ pé tọ́rọ́ mẹ́rin ni yóò san ṣílè kan. Nípa bẹ́ẹ̀ ½ àti ¼ wà ní ọwọ́ rẹ̀ bí ohun tí ó ṣeé dì mú. Ìdámẹ́ta pàápàá, tí ó yọ owó ẹyọ lẹ́nu, jáde ní odidi nínú ṣílè: kọ́bọ̀ mẹ́rin ni. Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè tí ó wà ní ojú pátákó lẹ́ẹ̀kan, ½ àti ⅓. Olùkọ́ tí ó gbọ́n ní ayé ìgbà náà kò ní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òfin, yóò béèrè pé, “Ìdajì ṣílè ńkọ́?” Kọ́bọ̀ mẹ́fà. “Ìdámẹ́ta ṣílè ńkọ́?” Kọ́bọ̀ mẹ́rin. “Àpapọ̀ wọn?” Kọ́bọ̀ mẹ́wàá nínú méjìlá, tí í ṣe márùn-ún nínú mẹ́fà. Ọmọ tí ó bá sọ pé 2/5 yóò rí i fúnra rẹ̀ pé ohun tí òun wí kò tó kọ́bọ̀ márùn-ún, bẹ́ẹ̀ sísì ni òun fi bẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò kó owó jọ tí yóò sì dín kù?

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọjá 800,000 ní ọdún náà. Àwọn olùkọ́ tí kò tí ì gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ pọ̀, kíláàsì kún, nígbà tí ó sì di 1960 ìjọba yan Ìgbìmọ̀ Banjo láti wádìí ìráhùn pé ẹ̀kọ́ ń wálẹ̀. Ìṣòro kan wà tí iye olùkọ́ nìkan kò lè yanjú, èyí sì ni ọ̀ràn èdè. Láti 1925 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi ìwé ìlànà jáde pé kí a máa lo èdè ìbílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá èyí wá di àṣà pé Yorùbá ni a fi ń kọ́ni ní kíláàsì mẹ́ta àkọ́kọ́, kí Gẹ̀ẹ́sì tó gba ipò rẹ̀ láti kíláàsì kẹrin. Ìlànà tí ó dára ni lójú ẹni tí ń wo ìwé kíkà. Fún ìṣirò, ọgbẹ́ ni. Odidi nọ́ḿbà ni ọmọ ń kọ́ ní kíláàsì kékeré. Ó lè ti fọwọ́ kan ìdajì àti ìdámẹ́rin díẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìdá gan-an, ríro ìdá tí ìsàlẹ̀ wọn kò dọ́gba pọ̀, sísọ ọ́ di púpọ̀, pínpín in, lẹ́yìn ibi tí èdè ti yí padà ni ó bọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ ni ó fi jẹ́ pé Yorùbá ni ọmọ fi kọ́ ohun tí ó rọrùn, Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi pàdé èyí tí ó le. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ó mú ti ilé wá dúró sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì kẹrin.

Owó náà sì yí padà. Nígbà tí Central Bank of Nigeria gbé owó tuntun jáde ní 1959, kò ṣe ọ̀níní mọ́. Ìdámẹ́wàá lọ láìsí ẹni tí ó sunkún rẹ̀. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni ti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, tí náírà àti kọ́bọ̀ tuntun dé. Náírà kan dípò ṣílè mẹ́wàá, ó sì jẹ́ 100 kọ́bọ̀. Àwọn ènìyàn kò fi orúkọ àtijọ́ sílẹ̀ kíákíá: kọ́bọ̀ márùn-ún tuntun bá sísì dọ́gba, wọ́n sì ń pè é ní sísì, kọ́bọ̀ mẹ́wàá bá ṣílè dọ́gba, kọ́bọ̀ 25, tí ó jẹ́ ìdámẹ́rin náírà, wá jẹ́ ṣílè méjì àbọ̀. Tọ́rọ́ nìkan ni kò rí ilé gbé. Méjì àbọ̀ ni í ṣe nínú kọ́bọ̀ tuntun, kò sì sí owó kan ṣoṣo tí ó dúró fún un; ẹni tí ó bá fẹ́ san tọ́rọ́ gangan ní láti fi ààbọ̀ kọ́bọ̀ kún kọ́bọ̀ méjì. Ní ti ìṣirò ńlá, owó tuntun rọrùn, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ọgọ́rùn-ún kò ṣeé pín sí mẹ́ta. Ìdajì náírà àti ìdámẹ́ta náírà kò lè yanjú ìbéèrè ojú pátákó mọ́, nítorí pé 33 kọ́bọ̀ àti ìdámẹ́ta ni olùkọ́ yóò bá, ìdá nínú ìdá, èyí tí ọmọ kò tí ì kọ́. Nígbà tí ó yá, ọ̀wọ́n gógó pa kọ́bọ̀ fúnra rẹ̀ run, ọmọ tí a ń rán lọ ra nǹkan kò sì rí owó tí ó kéré ju náírà lọ mọ́.

Láti 1962 ni àwọn onímọ̀ ti ń pàdé ní Entebbe ní Uganda láti kọ ìwé ìṣirò ìgbàlódé fún àwọn ọmọ Áfíríkà. Ní Nàìjíríà ìṣirò náà kò pẹ́; ìpàdé tí ìjọba àpapọ̀ pè ní Benin ní 1977 ni ó fòpin sí i. Kò sí ìdí láti pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Iṣẹ́ tí ó dá ọ̀nà tirẹ̀ là ni èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní oṣù kìíní 1970 lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ti Yunifásítì Ifẹ̀, pẹ̀lú owó ìrànlọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ Ford Foundation. Ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́, a ya àwọn ọmọ kan sọ́tọ̀ tí a fi Yorùbá kọ́ ní ohun gbogbo fún odidi ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàárín àwọn ẹ̀kọ́ yòókù. A fi wọ́n wé àwọn mìíràn tí ó yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Nígbà tí ìròyìn iṣẹ́ náà jáde, ó fi hàn pé àwọn ọmọ tí Yorùbá tọ́ dàgbà kò rẹ̀yìn nínú ẹ̀kọ́ kankan, Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò yọ sílẹ̀, wọ́n sì ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú púpọ̀ nínú wọn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ìdá kò ní láti yí èdè padà ní àárín ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n láti fi Yorùbá kọ́ ìṣirò ọdún mẹ́fà, a gbọ́dọ̀ mọ ohun tí a ó pe ⅔. Ìdajì àti ìdámẹ́rin kò nira. Bíbélì Yorùbá, tí a parí ìtumọ̀ rẹ̀ ní 1884, ti mú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dé etí gbogbo ènìyàn: kò sí ọmọ ìjọ tí kò mọ ìdámẹ́wàá, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́wàá, bí kì í bá san án pàápàá. Nígbà tí ìpín bá ju ẹyọ kan lọ, ọ̀nà méjì ni ó ṣí sílẹ̀. Ẹnì kan lè sọ pé ìdámẹ́ta méjì, kí ó máa ka ìdámẹ́ta bí ẹni ka ọsàn: ìdámẹ́ta kan, ìdámẹ́ta méjì. Ẹlòmíràn lè sọ pé ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ọ̀nà kìíní bá ìròpọ̀ mu dáadáa, nítorí pé ọmọ tí ó bá rò ìdámárùn-ún méjì mọ́ ìdámárùn-ún kan kò ní sọ pé ìdámẹ́wàá mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ro ọsàn méjì mọ́ ọsàn kan kò ti ní rí àgbálùmọ̀. Ọ̀nà kejì ni ó gbilẹ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn àti nínú ìwé ìròyìn, ẹwà tirẹ̀ sì wà nínú ọ̀rọ̀ kékeré náà, “nínú”. Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìdá bí ẹni pé ó dá dúró. Yorùbá kò lè pè é láìrántí odidi tí a ti mú un jáde. Ewu kan wà pẹ̀lú: ìdá mẹ́ta, bí a kò bá so ó pọ̀, lè jẹ́ ìpín mẹ́ta, ó sì tún lè jẹ́ ìpín kan nínú mẹ́ta. Olùkọ́ tí ó bá lo ọ̀kan lónìí tí ó lo èkejì lọ́la ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìdàrúdàpọ̀ ni.

Ní àwọn ọdún 1980, Helen Verran, ará Australia tí ó ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, ń lọ wo bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣe ń kọ́ àwọn ọmọdé. Ẹ̀kọ́ lórí gígùn ni ọ̀kan nínú wọn ń kọ́ni lọ́jọ́ kan. Gẹ́gẹ́ bí ìwé ìlànà ti wí, olùkọ́ ìbá mú òṣùwọ̀n, kí ó máa tò ó lẹ́sẹẹsẹ títí yóò fi dé orí ọmọ tí ó ń wọ̀n. Ohun tí ó ṣe yàtọ̀: ó fi okùn wọn gíga ọmọ náà lódindi, ó sì ní kí wọ́n máa wé okùn náà mọ́ páálí kékeré kan tí ó tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10, kí wọ́n máa ka iye ìwéká. Odidi ni ó fi ṣáájú, ìpín ni ó tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ náà gbọ́ ọ kedere, inú olùkọ́ wọn sì dùn. Ìyáàfin tí ó wá wò ó ni ó kọ́kọ́ dààmú. Nínú ìwé tí ó kọ jáde ní 2001 ni ó ti ro ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀, tí ó sọ pé nọ́ḿbà Gẹ̀ẹ́sì ń ti orí ẹyọ kan lọ sí púpọ̀, nígbà tí ti Yorùbá ń ti orí odidi bọ̀ wá sí ìpín. Àwọn onímọ̀ lè jiyàn lórí bí ìyẹn ti rí fún gbogbo oǹkà. Lórí ìdá, ó ṣòro láti jiyàn. Níbi tí okùn náà bá ti tán tí kò tó ìwéká kan, ibẹ̀ ni ààbọ̀ ti ń yọjú fúnra rẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ ½ sílẹ̀.

Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti 1977 fi àyè gba èdè abínibí ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ìwé ọdún mẹ́fà ti Ifẹ̀ kò di ìwé gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tuntun pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni fún gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Fafunwa ti ṣe ní Modákẹ́kẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 a fagi lé e, a sì pàṣẹ pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ó bá wọ ilé-ẹ̀kọ́ lábẹ́ àṣẹ yìí kò ní dúró de kíláàsì kẹrin kí ìdajì tó di “half” fún un. Ọjọ́ tí ó bá kọ́kọ́ rí àmì náà ni yóò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ṣeé ṣe kí ó jáde ní aago méjì àbọ̀.